Bíríkìlà ni Hermann Maier

Bí ẹ bá dé àgbègbè Pongau ní Ọ́sítríà, tí ẹ bi ará ibẹ̀ kan pé ta ni Hermann Maier, eléré síkì tó máa ń fi igi méjì tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè sínóò, orí bó ṣe ṣubú ní Òlíḿpíìkì Nagano ní 1998 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Á na ọwọ́ sókè láti fi bí ọkùnrin náà ṣe fò hàn yín, á ní òkú ló yẹ kó dà, á ní ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ló gba góòlù. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn débi pé mo lè kà á lórí. Ó dùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni Maier ti ràn mí lọ́wọ́. Apá tí wọ́n máa ń sáré fò kọjá ni mo ti rí nǹkan mú: àwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n, àti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò fẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ mọ́.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sin ọ̀gá mi tán, mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù, mo sì ti mọ ilé tó pọ̀ kí n tó rìnrìn-àjò. Ọdún 2000 ni mo dé Ọ́sítríà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ilé mélòó ni mo ti kọ́. Ìwé ni wọ́n ń béèrè, mi ò sì ní irú ìwé tí wọ́n ń fẹ́. Bí mo ṣe di afọkòkò ní kíṣìnì òtẹ́ẹ̀lì kan nìyẹn, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Flachau, níbi tí àwọn èèyàn láti Jámánì àti Họ́láńdì ti máa ń wá náwó lórí sínóò.

Ọ̀gá àwọn alásè ló kọ́kọ́ dárúkọ Maier fún mi. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe nílé, mo ní bíríkìlà ni mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bíi ti Hermann!” Mo rò pé òṣìṣẹ́ kan nínú òtẹ́ẹ̀lì ló ń sọ. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun tọ́ka sí fọ́tò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì: ọkùnrin kan tó tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ojú rẹ̀ le koko lábẹ́ àkẹtẹ̀ ààbò, sínóò ń fọ́n yí i ká. “Òun náà to bíríkì,” ni ó wí, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

Oṣù December 1972 ni wọ́n bí Maier ní Altenmarkt, Flachau ló sì ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé-ẹ̀kọ́ síkì kan nílùú, nítorí náà kì í ṣe ọmọ tó ń wo sínóò láti òkèèrè. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn eléré síkì ní Schladming. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà. Ó kéré, kò lágbára tó, orúnkún ń dùn ún nítorí bí eegun rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Wọ́n ní kò ní lè ṣe é. Ó padà sílé, ó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Bí ìgbà ooru bá dé, á lọ sídìí ilé kíkọ́. Bí òtútù bá dé, á máa kọ́ àwọn àlejò ní síkì lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé bíríkì tó ń gbé ló sọ ọ́ di alágbára. Èmi tí mo gbé bílọ́ọ̀kù rí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Bó bá jẹ́ pé bílọ́ọ̀kù gbígbé ló ń sọ èèyàn di akọni àgbáyé ni, Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ì bá ti kó gbogbo góòlù Òlíḿpíìkì nílẹ̀ tán. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ yẹn ń bàjẹ́, ẹ̀yìn àti orúnkún. Ohun tí mo gbà pé iṣẹ́ náà ṣe fún un ni pé ó fún un lówó oúnjẹ láì gbé e kúrò lẹ́bàá òkè. Kò ká ẹrù rẹ̀ lọ sí Vienna. Ó ń bọ́ sínú ìdíje kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Salzburg àti Tyrol, ó ń borí, kò sì sí ẹni tó ń pè é láti òkè. Ìgbà òtútù kan ń tẹ̀lé òmíràn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kékeré ti ń fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ń kọ́ ọmọ àwọn àlejò bí wọn ó ṣe dúró lórí síkì.

Ọjọ́ kẹfà oṣù January 1996 ni nǹkan yí padà. World Cup wá sí Flachau fúnra rẹ̀. World Cup ti síkì kò dà bíi ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Láti October títí di March ni wọ́n ń ti òkè kan lọ sí òkè mìíràn, tí wọ́n ń kó máàkì jọ. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí sáà bá parí ni wọ́n ń fún ní ife ńlá tí wọ́n fi kírísítálì ṣe. Kí àwọn eléré tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n máa ń mú ọ̀dọ́ bíi mélòó kan pé kí wọ́n kọ́kọ́ sáré kọjá, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ọ̀nà dára, bóyá aago ń ṣiṣẹ́. Aṣíwájú ọ̀nà lásán ni wọ́n. Àkókò tí wọ́n bá sá kò wọ ìwé, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Maier wà lára wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wo aago, wọ́n rí i pé ká ní eléré ni, ipò kejìlá ni ì bá ṣe láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lágbàáyé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Wọ́n pè é wọ ẹgbẹ́. Ní sáà yẹn náà ló gba ife Europa Cup, ìdíje tó tẹ̀ lé World Cup. Ní February 1997 ló kọ́kọ́ borí ní World Cup, nínú super-G, ọ̀kan lára irú eré síkì tó yára, ní Garmisch ní Jámánì.

Iṣẹ́ aṣíwájú yẹn ló wọ̀ mí lára jù nígbà tí ọ̀gá alásè ń sọ ìtàn náà. Ìdí ìkòkò ni mo wà, omi gbígbóná ti bó mi lọ́wọ́, kò sì sí ohun kan nínú iṣẹ́ mi tó ń wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Mi ò ní parọ́ pé inú mi dùn sí ìkòkò láti ọjọ́ náà lọ. Ìkòkò ni ìkòkò. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó ń wo aago. Ìyá àgbà tó ni òtẹ́ẹ̀lì máa ń gba kíṣìnì kọjá lálẹ́, kì í sọ̀rọ̀, á kàn fi ìka kan ilẹ̀ àdògán, á fi kan abẹ́ tábìlì, á máa lọ. Mo wá mọ̀ pé òun ni aago. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nagano náà, kẹ́ ẹ má ba à ní mo fi bò. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù February 1998 ni, ní Hakuba ní Jàpáànì. Downhill ni wọ́n ń sá, èyí tó yára jù nínú gbogbo eré náà: géètì rẹ̀, àwọn òpó tí wọ́n ń gba àárín wọn kọjá, jìnnà síra, òkè rẹ̀ ga, èèyàn lè ju ọgọ́rùn-ún kan àti ọgbọ̀n kìlómítà lọ ní wákàtí kan lórí igi méjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú ọjọ́ ti mú kí wọ́n sún ìdíje náà síwájú, kí wọ́n tún sún un. Nígbà tí Maier wá sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀nà tó tààrà jù wọ ibi ìyípo kan. Ilẹ̀ já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fò lọ gbọọrọ ní ìdúbúlẹ̀, ó fi orí àti èjìká balẹ̀, ó ya àwọ̀n ààbò àkọ́kọ́, ó ya ìkejì, ó yí gbirigbiri, ó dúró sínú sínóò múlọ́múlọ́. Ó dìde, ó na ọwọ́ sókè. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ó gba góòlù super-G, lọ́jọ́ kọkàndínlógún ó gba ti giant slalom, níbi tí géètì ti súnmọ́ra tí ìyípo sì pọ̀.

Mo ti wo fídíò rẹ̀ ní àwòtúnwò. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló gbé e, kì í sì í ṣe ayé. Òun ló fẹ́ gba ibi tí ẹlòmíràn ò gbà. Ohun tó ń fún un ní ife náà ló fẹ́ pa á lọ́jọ́ yẹn. Jean-Luc Crétier, ọmọ Faransé, gba ibẹ̀ kọjá láì fò, òun ló sì gba góòlù downhill. Ẹ wá béèrè Crétier ní Pongau kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnìkan á mọ̀ ọ́n.

Èmi náà gbìyànjú síkì o. Àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì máa ń rí ẹ̀dínwó gbà ní ìparí sáà, nígbà tí sínóò bá ti ń yọ́. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni wọ́n mú mi lọ. Bàtà náà le, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú pinpin débi pé bí èèyàn bá fẹ́ rìn, àfi kó máa wọ́ ẹsẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ibi tó tẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kan ń jẹ ṣokoléètì níbẹ̀ bó ṣe ń yọ̀ lọ, síbẹ̀ àyà mi já. Iyára tí mo wà kò lè ju ti ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà. Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú sísọ pé eré àwọn olówó lásán ni. Fún àwọn àlejò, eré olówó ni lóòótọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo lè jẹ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ bíríkìlà ló pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń sá a.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé Nagano, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ife ṣáá ni. Ó gba ife ńlá World Cup ní 1998, 2000 àti 2001. Níbi ìdíje àgbáyé ní Vail ní Amẹ́ríkà, 1999, góòlù méjì. Ní sáà 2000, ẹgbẹ̀rún méjì máàkì gééré, tí ọkùnrin kan kò kó jọ rí. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìdíje mẹ́tàlá ló borí, bákan náà pẹ̀lú ohun tí Ingemar Stenmark ọmọ Swídìn ṣe ní 1979. Ìgbà yẹn ni mo dé, orúkọ rẹ̀ wà lára ọtí, lára ọkọ̀, lára bánkì. Ó sú mi díẹ̀, kí n má purọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù August 2001, ó ń gun alùpùpù bọ̀ wálé láti ibi ìgbáradì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kọlu òun àti alùpùpù náà lẹ́bàá Radstadt. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, eegun yọ síta. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Salzburg. Àwọn dókítà ti ń rò ó pé bóyá kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀pá títáníọ́ọ̀mù ni wọ́n wá fi sínú eegun. Rédíò ló sọ fún wa ní kíṣìnì. Ọ̀gá alásè, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ nǹkan kan títí tá a fi ṣíwọ́. Ìyá àgbà lọ tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni.

Ó pàdánù gbogbo sáà tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú Òlíḿpíìkì Salt Lake City. Stephan Eberharter, ọmọ Ọ́sítríà bíi tirẹ̀, ẹni tó ti ń jẹ ìkejì sí i, gba góòlù giant slalom níbẹ̀, ó sì gba ife ńlá ní 2002 àti 2003. Ayé ń lọ. Kò sẹ́ni tó dúró de Maier.

Ní January 2003 ó padà. Giant slalom ni, ní Adelboden ní Swítsálándì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sáré nínú giant slalom, ọgbọ̀n èèyàn tó bá sì yára jù ní àkọ́kọ́ nìkan ló ń padà sókè fún ìkejì. Gbogbo wa wà nídìí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lókè ẹ̀rọ ìfọbọ́ọ̀lù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó la gbogbo géètì já, kò ṣubú. Nígbà tí gbogbo wọn sá a tán, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ọgbọ̀n. Ẹni tó ti gba ife mẹ́ta. Ọ̀gá alásè pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní ká máa ṣiṣẹ́.

Ní ìparí oṣù náà ni Kitzbühel dé. Ibẹ̀ ni òkè Streif wà, tó gùn tó 3,312 mítà, tó já wálẹ̀ ní 860 mítà, tí ibi kan níbẹ̀ dúró tó ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Super-G ni wọ́n sá lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà tirẹ̀ máa ń bọ́ sórí apá kan lára Streif yẹn. Maier ló ṣe ipò kìíní. Bí a ṣe pariwo tó, àwọn àlejò sáré wá wo kíṣìnì, wọ́n rò pé iná ló sọ.

Kitzbühel yìí náà ni wọ́n ń sọ. Wọn kì í sọ ti Adelboden. Èmi, nígbà tó yá, Adelboden ni mo wá nílò.

Lóru ìgbà òtútù kan lẹ́yìn náà, mo ń gbé páálí ìgò òfìfo lọ sí ẹ̀yìn kíṣìnì. Òjò ti rọ̀ lé sínóò, ó ti di yìnyín. Ẹsẹ̀ mi lọ síwájú, ara mi kù sẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn kan nínú ọrùn ẹsẹ̀ mi tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láé. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù dè é. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ọmọkùnrin tó wá nu ilẹ̀. “Ẹ wo Hermann!” Inú bí mi. Wọ́n gé e kù wákàtí méje iṣẹ́ abẹ àti Kitzbühel, bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì.

Obìnrin tó ń ṣe físíò fún mi ló là mí lójú. Ó gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ tí kì í rìn, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ fi agbára tẹ̀ ẹ́, kí n fi han àwọn èèyàn pé ọkùnrin ni mí. Ó dá mi dúró. Ó wá ṣàlàyé bí Maier ṣe ń gbára dì lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Heinrich Bergmüller, ní Obertauern: orí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà fún wákàtí tó pọ̀, wọ́n á máa gún etí rẹ̀ gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara ti ń ṣe jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ó ti kọjá ààlà, ó ní láti dẹwọ́. Ẹnu yà mí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Herminator, tí gbogbo ayé gbà pé agbára àti ìgboyà ló fi ń ṣe é, ó ń jókòó kí ẹ̀jẹ̀ òun sọ fún òun pé ó tó. Ní òkè ó ń fò, lórí kẹ̀kẹ́ ó ń gbọ́ràn.

Mo dẹwọ́. Ó nira ju bílọ́ọ̀kù lọ. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi hàn lẹ́yìn rẹ̀: kò sí ògiri tó ga sí i, kò sí ìkòkò tó dán. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, ẹsẹ̀ á ṣì wú. Bọ̀dá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́.

“Ṣé o ti ń rìn bíi ti tẹ́lẹ̀?”

“Rárá, Bọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n mo ń rìn.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ní yóò padà sí bó ṣe wà?”

“Wọn ò ní bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn á bá mi rí àwọn kan tó mọ̀ nípa eegun. Mo ní kí wọ́n ṣe é. Bí èèyàn bá wà nílé, kò yẹ kó kọ òróró ibẹ̀. Èmi ni mi ò sí nílé.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mi ò lè gbé àwọn ìkòkò ńlá mọ́, mi ò sì lè dúró lórí ilẹ̀ tútù láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti ń retí pé wọ́n á ní kí n máa lọ. Ìyá àgbà, aago wa, ló ní kí wọ́n fi mí sí yàrá síkì. Wọ́n ní obìnrin yẹn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé abẹ́ tábìlì òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀.

Yàrá síkì ni mo wà títí dòní. Àwọn àlejò á kó bàtà tútù wọlé nírọ̀lẹ́, èmi á fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú wọn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti bá àwọn eléré ṣiṣẹ́ rí ló kọ́ mi ní ìtọ́jú síkì. Ìda ni a máa ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ sí abẹ́ rẹ̀, bó bá tutù a ó fi ike ha á kúrò títí tí ojú á fi rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Etí irin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkì kọ̀ọ̀kan, fáìlì la fi ń pọ́n ọn. Bí a bá pọ́n ọn tán, a kì í fi ojú wò ó. A ó fi èékánná àtàǹpàkò fà á kọjá lórí etí náà, ní ìdúbúlẹ̀: bó bá ha eérú funfun díẹ̀ kúrò lára èékánná, ó mú, bó bá kàn yọ̀ kọjá, kò mú. Bí sáà bá parí, èékánná mi máa ń ti di tín-ín-rín.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí Maier ń dojú kọ gan-an. Ọ̀nà ìdíje kì í ṣe sínóò tí a ń rí nínú káàdì Kérésìmesì. Wọ́n máa ń fi omi sí i lára, wọ́n á jẹ́ kó dì gbagidi, kí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ogójì má ba à bá kòtò tí ẹni àkọ́kọ́ gbẹ́. Etí irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló ń di èèyàn mú mọ́ òkè. Ẹsẹ̀ àti bàtà ló sì ń sọ fún eléré bóyá ó ti di í mú. Ẹ wá ro ti ẹni tí wọ́n ki ọ̀pá sínú eegun rẹ̀, tó ní láti tún kọ́ ohun tí ẹsẹ̀ tuntun yẹn ń sọ.

Àwọn ìdíje tó sá lẹ́yìn tó padà ni mo fẹ́ràn jù. Kò borí bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ ní 2004 ó gba ife ńlá rẹ̀ kẹrin. Ní Bormio ní Ítálì, 2005, ó gba góòlù àgbáyé nínú giant slalom, irú ìdíje tó já a sílẹ̀ ní Adelboden. Ní Òlíḿpíìkì Turin, 2006, fàdákà kan àti idẹ kan. Ìgbà ìkẹyìn tó borí ni super-G ní Lake Louise ní Kánádà, oṣù November 2008. Ìdíje kẹrìnléláàádọ́ta tó gbà ní World Cup nìyẹn.

Ní October 2009, nígbà tí sáà tuntun kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ó pe àwọn oníròyìn jọ ní Vienna, ó ní òun ti ṣíwọ́. Ó sunkún lójú gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó lé e. Ọ̀gá alásè bínú sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí Seun Adigun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun bobsled, ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Pyeongchang ní 2018, tí Simidele Adeagbo sì sá skeleton, èyí tí èèyàn ń dojú bolẹ̀ yọ̀ lọ lórí yìnyín, èmi ni wọ́n sọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń bi mí bí a ṣe ń gbára dì nílé. Mo ní a máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíríìsà.

Àwọn ọmọdé tó wà ní kíṣìnì báyìí kò mọ Maier dáadáa. Marcel Hirscher ni tiwọn, òun náà ọmọ ìpínlẹ̀ Salzburg: ife ńlá mẹ́jọ léraléra, láti 2012 sí 2019, ìdíje mẹ́tàdínláàádọ́rin. Wọ́n á ní kí n kà á. Mo máa ń kà á fún wọn, mi ò jiyàn pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé Hirscher kò tíì ṣe Adelboden tirẹ̀. Àfi ìgbà tó di 2024, tí ọkùnrin náà ní òun ń padà, orílẹ̀-èdè ìyá òun, Netherlands, lòun ó sì máa sá fún. Níbi World Cup ní Sölden ní Ọ́sítríà, ipò kẹtàlélógún. Nígbà tó di December, iṣan orúnkún rẹ̀ já níbi ìgbáradì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sáré wá bá mi ní yàrá síkì pé, “Bàbá, ṣé wàá gbà á báyìí?” Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ bóyá wọ́n ti gbé e gorí kẹ̀kẹ́, kó sì tún lọ bi í bóyá ó ń gbọ́ràn. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Àríyànjiyàn náà ṣì ń lọ lọ́wọ́.